Ẹ̀kọ́ 13: Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì dára fún ilé wa

Bàbá kan ní agbègbè Kétu ta àgbàdo rẹ̀. Owó wọlé. Ó ní òun á fi kun ògiri ilé òun ní ọ̀dà, kí ó máa dán. Ìyàwó rẹ̀ ní:

«Bàbá ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ara ògiri lọmọ wa ń rákòrò? Ilẹ̀ ló ń rákòrò lé. Ẹ jẹ́ ká fi owó yìí ṣe ilẹ̀ yàrá.»

Ẹ̀yin ará, ta ló sọ òótọ́? Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Ilẹ̀ erùpẹ̀
Bí ọmọ bá tọ̀ sílẹ̀, erùpẹ̀ á fà á mu. Bí a bá gbálẹ̀, eruku á sọ. Jìgá ń gbé inú eruku, á wọ ọmọ lẹ́sẹ̀. Ẹyin aràn máa ń wà nínú erùpẹ̀ tí ìgbẹ́ ti kàn. Ọmọ á fọwọ́ kan ilẹ̀, á tún fọwọ́ náà sẹ́nu. Aràn míì wà tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ.

Ilẹ̀ kọ̀ǹkéré
Sìmẹ́ńtì, iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti omi tí a pò pọ̀ là ń pè ní kọ̀ǹkéré. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní béton. Ó ṣeé fi omi àti ọṣẹ fọ̀. Ó ń yá gbẹ. Jìgá kò ríbi sá pamọ́ sí.

Ní ìpínlẹ̀ Coahuila, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í da ilẹ̀ sìmẹ́ńtì sí ilé àwọn tálákà ní ọdún 2000. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọmọ wò, aràn ti dín kù púpọ̀. Ìgbẹ́ gbuuru náà dín kù tó bí ìdajì.

Bí a ṣe ń ṣe é
1. Ẹ kó erùpẹ̀ òkè kúrò. Ẹ gún ilẹ̀ kó le.
2. Ẹ po sìmẹ́ńtì garawa 1, iyanrìn garawa 2 àti òkúta wẹ́wẹ́ garawa 4 pọ̀. Iyanrìn etí òkun ní iyọ̀, ẹ má lò ó.
3. Ẹ má bu omi jù. Bó bá ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, kò ní lágbára.
4. Ẹ dà á kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Kó rẹlẹ̀ díẹ̀ níhà ẹnu ọ̀nà, kí omi lè jáde.
5. Láti ọjọ́ kejì, ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7. Bó bá tètè gbẹ, á sán.

Yàrá mítà 3 sí mítà 4 á gba bí àpò sìmẹ́ńtì 6, kílò 50 ní àpò kan. Sìmẹ́ńtì tútù ń jó awọ ara: ẹ fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín bẹ́ ẹ bá ṣe tán.

Ẹ kíyèsí
Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì nìkan kò tó. Ẹ gbẹ́ ṣáláńgá, kẹ́ ẹ sì máa fọwọ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó àpò àgbàdo sí yàrá, ẹ tẹ́ pákó sábẹ́ rẹ̀, torí ọ̀rinrin.

Bàbá yẹn gbọ́ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò tó gbogbo ilé. Ó ní: «Ìyá ọmọ mi, òótọ́ lo sọ. Yàrá táwọn ọmọ ń sùn la ó kọ́kọ́ ṣe. Bí àgbàdo bá tún dára, a ó ṣe ìyókù.» Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí a fi ń wọ́n omi sí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì fún ọjọ́ 7?
2. Bẹ́ ẹ bá bu sìmẹ́ńtì garawa 3, iyanrìn garawa mélòó lẹ ó bù? Òkúta ńkọ́?
3. Nílé tiyín, yàrá wo lẹ ó kọ́kọ́ ṣe? Kí ló dé?