Géèjì Èlé: Èdè-Ìperí fún Géèjì Inú Ọkọ̀ Onítọ́bò

1. Ìfáárà

Àgbègbè ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Ìkẹjà àti Agége, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, jẹ́ ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù kì í wọ́n. Ní òpópó Ọba Akran, ní Ògbà àti ní Agídíngbí, ọkọ̀ ni ó ń kó èròjà wá fún àwọn ilé-iṣẹ́, òun náà ni ó sì ń kó ọjà wọn lọ. Níbi tí ọkọ̀ bá sì pọ̀ sí, mẹkáníìkì àti rewáyà kò ní ṣàì pọ̀ níbẹ̀. Èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń kọ́ ọmọ-iṣẹ́ wọn. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1984 sì ti pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ṣì kù fún wa ní ti ẹ̀rọ.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ohun-èlò kan ṣoṣo ni a ó gbé yẹ̀ wò: géèjì tí a máa ń fi kún inú ọkọ̀ onítọ́bò lẹ́yìn tí ọkọ̀ náà ti kúrò ní ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é. Èrò wa ni pé orúkọ tí a bá fún un gbọ́dọ̀ sọ fún awakọ̀ ohun tí òdo orí rẹ̀ túmọ̀ sí. Bí orúkọ náà kò bá sọ ọ́, ó lè ṣi ènìyàn lọ́nà, ìṣìnà bẹ́ẹ̀ sì lè mú ewu lọ́wọ́.

2. Iṣẹ́ tí tọ́bò ń ṣe

Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí èrò yìí ní 1905. Fáànù méjì ni ó wà lórí ọ̀pá kan náà. Èéfín gbígbóná tí ẹ́ńjìnnì ń tú jáde ni ó ń yí èkínní. Bí èkínní ti ń yí ni èkejì ń fa atẹ́gùn, tí ó ń fún un pọ̀, tí ó sì ń tì í wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí atẹ́gùn bá pọ̀ sí i, epo tí ó lè jóná pọ̀ sí i, agbára ọkọ̀ a sì pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n àpọ̀jù léwu. Bí atẹ́gùn tí tọ́bò ń tì wọlé bá kọjá ohun tí ẹ́ńjìnnì lè gbà, ooru a pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì a sì bàjẹ́. Àìtó náà kò dára: bí páìpù kan bá ya lẹ́yìn tọ́bò, ọkọ̀ oní-dísù kò ní lè fa ẹrù, yóò sì máa tú èéfín dúdú. Géèjì ni ó ń jẹ́ kí awakọ̀ tètè mọ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

3. Àwọn orúkọ tí kò bá a mu

(i) Géèjì afẹ́fẹ́. Ọ̀dọ̀ fọkanáísà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ ọ̀rọ̀ náà géèjì, nítorí òun ni ó fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé géèjì afẹ́fẹ́ mìíràn ti wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù tírélà tẹ́lẹ̀, èyí tí ó ń wọn afẹ́fẹ́ inú tánkì bíréèkì. Tánkì yìí a máa gba nǹkan bí 100 sí 120 páùn lórí íǹṣì onígun-mẹ́rin kan. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ tó nǹkan bí 60, ìkìlọ̀ a dún. Ní ti tọ́bò, 20 páùn kì í ṣe ohun ìyanu fún ẹ́ńjìnnì dísù tí ó ń fa ẹrù wúwo. Nítorí náà, bí a bá sọ fún awakọ̀ pé “bí géèjì afẹ́fẹ́ bá wà ní 20, kò séwu,” tí ó sì wo ti bíréèkì, ọ̀rọ̀ náà lè di ọ̀rọ̀ ikú.

(ii) Géèjì agbára. Agbára ni a ń pe okun ara, òun náà ni a ń pe ipá tí ẹṣin ń lò àti àṣẹ tí ọba ń pa. Ọ̀rọ̀ tí ó gbòòrò tó báyìí kò lè dúró fún ìwọ̀n kan pàtó.

(iii) Géèjì ìfúnpá. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ dókítà, nítorí apá ni ó ń fún nígbà tí ó bá ń yẹ ara aláìsàn wò. Ẹ́ńjìnnì kò ní apá. Yàtọ̀ sí èyí, oògùn tí àwọn baba wa ń so mọ́ apá ni ìfúnpá láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

A dábàá ìtẹ̀, láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀, fún bí ohun kan ṣe ń ti ojú ohun mìíràn. Awakọ̀ tí ń tẹ bíréèkì lójoojúmọ́ yóò tètè gbà á.

4. Lé àti dín

Bí a bá wo òǹkà Yorùbá fínnífínní, a ó rí i pé ó ní ibùdó tí ó ti ń kà lọ sókè àti sísàlẹ̀. Ogún ni ibùdó mẹ́tàlélógún. Ogún náà sì ni ibùdó mẹ́tàdínlógún. Bákan náà ni ó rí lọ́jà: èlé ni ohun tí ó lé lórí ojú owó, ẹ̀dínwó sì ni ohun tí a yọ kúrò nínú iye tí a dá lé ọjà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni géèjì yìí ṣe ń kà. Nínú irú èyí tí Eugène Bourdon, ará Faransé, gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1849, páìpù kékeré kan tí ó tẹ̀ kọrọdọ a máa fẹ́ nà tán bí ohun inú rẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ ju atẹ́gùn tí ó yí i ká lọ. Ìyàtọ̀ láàrin inú àti òde ni ó ń fi hàn. Òdo orí rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé kò sí atẹ́gùn. Ó túmọ̀ sí pé inú àti òde dọ́gba. Atẹ́gùn òde Ìkẹjà, tí kò ga púpọ̀ ju ojú òkun lọ, ti ń tẹ ohun gbogbo ní nǹkan bí 14.7 páùn, èyí tí í ṣe 101 kilopascal.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá nìyí:

ìtẹ̀ àyíká: ìtẹ̀ atẹ́gùn òde, òun ni ojú owó.
ìtẹ̀ èlé: ohun tí ó lé lórí ìtẹ̀ àyíká.
ìtẹ̀ ẹ̀dín: ohun tí ó fi dín sí ìtẹ̀ àyíká.
ìtẹ̀ àpapọ̀: ìtẹ̀ àyíká àti èlé lápapọ̀, tàbí ìtẹ̀ àyíká lẹ́yìn tí a yọ ẹ̀dín kúrò.
géèjì èlé: géèjì tí ń fi èlé tọ́bò hàn.

A kò lo àlé, nítorí ìtumọ̀ mìíràn tí ó ní nínú ilé.

Àpẹẹrẹ kan yóò fi ìwúlò wọn hàn. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò tí mẹkáníìkì so mọ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ pé 170 kilopascal. Géèjì inú ọkọ̀ sọ pé 10 páùn. Ọmọ-iṣẹ́ lè rò pé ọ̀kan ń purọ́. Ṣùgbọ́n ìtẹ̀ àpapọ̀ ni ti àkọ́kọ́, ìtẹ̀ èlé sì ni ti èkejì. Bí a bá yọ 101 kúrò nínú 170, 69 ni yóò kù, ìyẹn 10 páùn. Ní ìlú Jos, tí ó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà, ìtẹ̀ àyíká kò ju nǹkan bí 88 kilopascal lọ. Èlé 10 páùn níbẹ̀ yóò fún wa ní ìtẹ̀ àpapọ̀ 157 péré.

5. Fífi géèjì èlé sí inú ọkọ̀

(i) Ibi tí ojú awakọ̀ ti lè tètè rí i ni kí a fi í sí, lórí dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí ní ara òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú. Kò gbọdọ̀ dí ojú ọ̀nà.

(ii) Ara páìpù tí ó gbé atẹ́gùn tọ́bò wọ inú ẹ́ńjìnnì ni a ó ti fa họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́. Irin tí a fi pín in ni a pè ní oríta mẹ́ta. A kò gbọdọ̀ fà á láti ara họ́ọ̀sì tí bíréèkì ń lò.

(iii) Níbi tí họ́ọ̀sì bá ti la ògiri irin tí ó wà láàrin ẹ́ńjìnnì àti ìjókòó kọjá, kí a fi rọ́bà yí ihò náà ká, kí irin má baà gé e. Kí ó sì jìnnà sí tọ́bò àti sàlẹ́ńsà, kí ooru má baà yọ́ ọ.

(iv) Rewáyà ni yóò fa iná géèjì láti ara wáyà iná dáṣíbọ́ọ̀dù, pẹ̀lú fíúsì. Wáyà kejì yóò lọ sí ara irin ọkọ̀.

(v) Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, ọwọ́ géèjì gbọ́dọ̀ wà ní òdo. Bí a bá tan ẹ́ńjìnnì oní-pẹtiróòlù láìtẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, ọwọ́ náà a lọ sí ìhà ẹ̀dín. Ti dísù sábà máa ń wà ní òdo.

Ìsọ̀rọ̀ńgbèsì yìí lè wúlò nínú kíláàsì:

Awakọ̀: Ọ̀gá rewáyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Géèjì tí ẹ fi sí i yìí ò mà gbéra. Ẹ́ńjìnnì ti wà lórí iná.
Rewáyà: Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá. Dísù lẹ ń lò, ẹ ò sì tíì kó ẹrù. Ìtẹ̀ inú àti ti òde dọ́gba ni. Èlé ò tíì wọlé. Tí ẹ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, ẹ óò rí i.
Awakọ̀: Tí ó bá wá ń gun òkè, tí èlé ò wọlé ńkọ́?
Rewáyà: Ẹ dúró, ẹ yẹ páìpù wò. Ó ṣeé ṣe kó ti ya.

6. Ìgúnlẹ̀

A kò sọ pé kí a lé géèjì, tọ́bò tàbí fíúsì kúrò lẹ́nu oníṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó ti fìdí múlẹ̀ kò yẹ ní fífà tu. Ibi tí ọ̀rọ̀ àyálò kò ti ṣàlàyé ohun tí ó yẹ kí awakọ̀ mọ̀ ni a ti nílò ọ̀rọ̀ tiwa. Èlé àti ẹ̀dín ti wà lẹ́nu ìyálọ́jà tipẹ́tipẹ́. Olùkọ́ tí ó bá lò wọ́n fún géèjì yìí kò ṣẹ̀dá ohun àjèjì kankan. Ó kàn mú ìṣirò tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ lọ́jà wọ inú ọkọ̀ ni. A rọ àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀ pé kí wọ́n dán wọn wò lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́, nítorí ẹnu wọn ni ọ̀rọ̀ yóò ti fìdí múlẹ̀.