Irin Iṣẹ́ fún Ibi tí Ojú Kò Dé

Ṣàṣà ni agbo ilé tí ó ní kànga tí garawa kò tíì já sínú rẹ̀ rí. Okùn a gbó, tàbí ìdè a tú, garawa a sì rì. Nígbà náà ni àwọn ará ilé a wá irin oníkọ̀ọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọn a so ó mọ́ okùn gígùn, wọn a sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú kànga. Ẹni tí ó di okùn náà mú kò rí ohunkóhun nísàlẹ̀. Bí ó bá di ojú rẹ̀ pàápàá, kò pàdánù nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń sọ fún un pé irin ti kan ilẹ̀, pé ó ń wọ́ lórí yanrìn, pé ó ti kan ara garawa, àti nígbẹ̀yìn, pé ó ti kọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ àgbà nídìí iṣẹ́ náà, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbé e jáde. Bí ó bá jẹ́ ọ̀gbẹ̀rì, ó lè fi odindi òwúrọ̀ da omi rú.

Ó yẹ kí òǹkàwé bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ìkọ́ náà kì í fi í jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ìkọ́ kan ní iwájú, ó sì ní ẹ̀yìn. Ẹni tí yóò lò ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ó kọjú sí. Nínú òkùnkùn, okùn a máa yí, kò sì sí ẹni tí ó lè mọ̀. Ṣùgbọ́n irin oníkọ̀ọ́ mẹ́rin kò ní ẹ̀yìn: bí ó ti wù kí ó yí, ìkọ́ kan yóò súnmọ́ ohun tí a ń wá. Alágbẹ̀dẹ tí ó ń rọ irú irin bẹ́ẹ̀ ti yanjú ìṣòro tí ó ń da àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ láàmú títí di òní, èyíinì ni bí a ṣe lè ṣe irin iṣẹ́ tí yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́ ojú.

Ìṣòro yìí kan náà ni ó wà nídìí pọ́ǹpù tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ lórí kànga ẹlẹ́rọ. Ohun tí a rí lókè kò ju orí irin, ọwọ́ gígùn, àti ẹnu tí omi ń gbà jáde lọ. Iṣẹ́ gan-an ń bẹ nísàlẹ̀, ní ogún tàbí ọgbọ̀n mítà nínú ilẹ̀. Níbẹ̀ ni sìlíńdà wà, tí písítìn ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀ bí ọmọ odó nínú odó. Ní ìdí sìlíńdà náà ni fáàfù ìsàlẹ̀ wà, tí kì í ṣe ohun mìíràn ju ìlẹ̀kùn kékeré tí ń ṣí kí omi lè wọlé, tí ó sì ń tì kí omi má bàa padà. Nígbà tí a bá tẹ ọwọ́ pọ́ǹpù sísàlẹ̀, písítìn a gòkè, a gbé omi tí ó wà lórí rẹ̀, omi titun a sì gba ẹnu fáàfù wọlé. Bí fáàfù yìí bá ń jò, omi inú páìpù a padà sínú ilẹ̀ ní òru, obìnrin tí ó bá kọ́kọ́ dé ìdí pọ́ǹpù ní òwúrọ̀ a sì tẹ̀ ẹ́ títí apá yóò fi ro ó kí omi tó jáde.

Ní àwọn ọdún 1970 ni a ṣe pọ́ǹpù tí a ń pè ní India Mark II ní ilẹ̀ Íńdíà. Ó lágbára, ó sì tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, títí dé Nàìjíríà. Àléébù rẹ̀ kò sí nínú bí irin rẹ̀ ti le tó. Sìlíńdà rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 63.5 nínú, ṣùgbọ́n páìpù tí ń gbé omi gòkè láti ibẹ̀ jẹ́ ti mílímítà 32. Písítìn kò lè gba inú páìpù náà jáde, gẹ́gẹ́ bí orí ọmọ odó kò ti lè gba ọrùn akèrègbè. Nítorí náà, bí ife awọ kékeré tí ń bẹ lára písítìn bá jẹ, gbogbo páìpù ni a ní láti fà jáde. Bí ó bá jìn ní mítà 30, páìpù 10 ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 3, tí ìwúwo gbogbo wọn pẹ̀lú ọ̀pá tí ó wà nínú wọn sì lé ní kìlógíráàmù 100. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, sípánà ńláńlá, ọkọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú ni abúlé ní láti máa retí láti ìlú ńlá. Awọ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan a sì sọ odindi abúlé di aláìlómi.

Àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá mọ ohun tí irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ lè mú wá. Ẹni tí pọ́ǹpù rẹ̀ bàjẹ́ kò ní jókòó kí òǹgbẹ máa gbẹ ẹ́. Adágún àtijọ́ ni yóò padà sí. Láti inú irú adágún bẹ́ẹ̀ ni sòbìyà ti ń wọ ara ènìyàn, tí ó sì ń dá àgbẹ̀ dúró sílé ní àsìkò tí iṣẹ́ oko pọ̀ jù. Ní ọdún 1988, iye àwọn tí a kà pé sòbìyà mú ní Nàìjíríà lé ní 650,000. Omi mímọ́, omi sísẹ́ àti ẹ̀kọ́ ni a fi lé e lọ. Ọdún 2008 ni a rí aláìsàn ìkẹyìn, ní ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i pé ó ti kúrò ní ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru àti àrùn onígbáméjì kò tíì lọ, inú omi ẹlẹ́gbin ni àwọn náà sì ń gbé.

Ní ọdún 1981, Báńkì Àgbáyé àti ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń bójú tó ìdàgbàsókè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan láti dán oríṣiríṣi pọ́ǹpù wò. Ohun tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n ni pé kí àwọn ará abúlé lè tún pọ́ǹpù wọn ṣe fúnra wọn. Láti inú iṣẹ́ yìí, ní Màláwì àti Kẹ́ńyà, ni pọ́ǹpù Afridev ti jáde. Kò sí ẹni tí ó ni àṣẹ rẹ̀ ní àdáni. A fi àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Íńdíà pẹ̀lú ṣe èyí tí a ń pè ní Mark III, tí páìpù rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 65, kí písítìn àti fáàfù lè gba inú rẹ̀ kọjá.

Ohun tí ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ kíyè sí nínú Afridev ni pé àwọn tí ó ṣe é kò kọ́kọ́ ronú lórí irin iṣẹ́. Ohun tí irin iṣẹ́ náà yóò lọ mú ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Sìlíńdà rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 50 nínú, páìpù ike tí ó wà lórí rẹ̀ sì fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá wà nísàlẹ̀ lè gòkè wá láìjẹ́ pé a mi páìpù. Àwọn ọ̀pá irin inú rẹ̀ kò ní ìdè tí a ń fi sípánà dì: orí ọ̀kan jẹ́ ìkọ́, ti èkejì jẹ́ ihò, ọwọ́ lásán ni a fi ń so wọ́n, tí a sì fi ń tú wọn. Fáàfù ìsàlẹ̀ pàápàá kò ní bóòtù. Òrùka rọ́bà ni ó dè é mọ́ ibi ìjókòó rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi í síbẹ̀ yóò jù ú sínú páìpù. Páìpù fúnra rẹ̀ yóò tọ́ ọ dé ìdí, nítorí kò sí ibòmíràn tí ó lè yà sí. Lẹ́yìn náà ni a ó fi písítìn àti ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó lè jókòó ṣinṣin. Bóòtù inú òkùnkùn ń fẹ́ kí a bá ihò rẹ̀ mu gẹ́lẹ́, kí a sì yí i sí ọ̀nà tí ó tọ́. Òrùka rọ́bà kò fẹ́ ju kí a tẹ̀ ẹ́ lọ.

Nígbà tí ó bá sì di pé kí a yọ fáàfù náà, irin ìyọ kékeré kan ni a ń lò, tí ọgbọ́n inú rẹ̀ jọ ti ìkọ́ garawa wa. A ó kọ́kọ́ fa àwọn ọ̀pá àti písítìn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. A ó wá so irin ìyọ náà mọ́ ìdí ọ̀pá àkọ́kọ́ ní ipò písítìn, a ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bí a ti ń so ọ̀pá mọ́ ọ̀pá, títí yóò fi kan orí fáàfù, tí a ti ṣe lọ́nà tí irin ìyọ yóò fi rí i dì mú. Àwọn ọ̀pá tí ó ń fa omi lójoojúmọ́ ni ó di ọwọ́ irin iṣẹ́ náà. Gígùn wọn ti bá jíjìn kànga mu tẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò wá okùn kiri. Irin ìyọ yìí àti sípánà kan ṣoṣo ni ó tó fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àtúnṣe pọ́ǹpù náà.

Ọmọ iṣẹ́ a máa bèèrè pé, “Ọ̀gá, báwo ni ẹ ṣe mọ̀ pé ó ti mú un?” Èsì tí ó dára jù ni kí ọ̀gá fi ọ̀pá náà lé e lọ́wọ́. Nígbà tí irin bá kan orí fáàfù, ọ̀pá a dúró, ìwúwo rẹ̀ a sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Bí a bá gbé e sókè díẹ̀, tí ó sì ń gòkè ní ìrọ̀rùn, kò tíì mú nǹkan. Bí ó bá ti mú un, ọ̀pá a kọ̀ fún wa. Bí omi bá sì kún páìpù ní mítà 20 lórí fáàfù náà, ìwúwo omi nìkan tó nǹkan bí kìlógíráàmù 40. Kí a má ṣe já a gbà lójijì. Kí ènìyàn méjì fà á ní díẹ̀díẹ̀, láìdáwọ́ dúró. Bí òrùka rọ́bà bá ti kúrò níbi tí ó dì mọ́, omi a ya lọ sísàlẹ̀, ẹrù náà a sì fúyẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyípadà yìí ni ó dípò ojú, ẹni tí ó bá sì ti mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé.

A kò gbọ́dọ̀ tàn ẹnikẹ́ni jẹ pé iṣẹ́ yìí kì í kùnà. Yanrìn a máa kó yí fáàfù ká, pàápàá nínú kànga tí a kò gbẹ́ dáradára, irin ìyọ a sì mú un láìlè gbé e. Omi tí ó ń jẹ irin a máa jẹ ìkọ́ ọ̀pá títí yóò fi já. Páìpù ike náà, gọ́ọ̀mù ni a fi lẹ̀ wọ́n pọ̀. Bí ó bá là nísàlẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni. Ìṣirò kan tí ó jáde ní ọdún 2009 láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà fi hàn pé ó lé ní ẹyọ kan nínú pọ́ǹpù mẹ́ta tí kò ṣiṣẹ́. Òrùka rọ́bà ń wọ́n ní ọjà ìgbèríko, owó àtúnṣe kì í sì í sí nílẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, irin ìyọ ń bẹ ní títìpa nínú ilé ẹni tí ó ti rìnrìn àjò!

Ìgbìmọ̀ abúlé tí ó bá ní irú pọ́ǹpù yìí lè fi ohun díẹ̀ múra sílẹ̀. Kí wọ́n wá ẹ̀kù páìpù kan, kí wọ́n fi fáàfù ògbólógbòó sí ìdí rẹ̀, kí wọ́n gbé e nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí àwọn tí ń tọ́jú pọ́ǹpù sì máa fi í kọ́ṣẹ́ ní ojú dídì, títí ọwọ́ wọn yóò fi mọ ìyàtọ̀ láàárín kíkàn àti mímú. Bí alágbẹ̀dẹ bá ní láti rọ irin ìyọ mìíràn, kí ó mú ojúlówó fáàfù wá sí arọ láti fi dán an wò. Kí ó sì ṣe ìdí irin náà ní ẹlẹ́nu fífẹ̀ bí àrọ, kí ó lè máa yọ̀ bọ́ sí ipò fúnra rẹ̀. Etí rẹ̀ kò gbọdọ̀ mú, kí ó má bàa ha inú sìlíńdà, nítorí ibi tí a bá ha ni omi yóò máa gbà jò.

Kí wọ́n sì kọ́ bí a ti ń mọ ibi tí àrùn pọ́ǹpù wà kí wọ́n tó tú ohunkóhun. Bí omi bá ń jáde dáradára, ṣùgbọ́n tí ó ń pẹ́ kí ó tó jáde lẹ́yìn tí pọ́ǹpù ti sinmi fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, fáàfù ìsàlẹ̀ tàbí oríkèé páìpù ni ó ń jò. Bí omi bá ń dín kù lójoojúmọ́ nígbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́, rọ́bà písítìn ni ó ti jẹ. Bí ọwọ́ pọ́ǹpù bá ṣàdédé fúyẹ́, tí omi kò sì jáde rárá, ọ̀pá ti já tàbí ti tú, kí a má ṣe ju fáàfù titun lé e lórí.

Ní gbogbo àkókò tí ẹnu páìpù bá wà ní ṣíṣí, kí a fi aṣọ mímọ́ bò ó bí ọwọ́ bá kúrò níbẹ̀, kí a sì so okùn mọ́ sípánà. Kí a tẹ́ àwọn ọ̀pá sórí igi tàbí ike mímọ́, kì í ṣe sórí ilẹ̀ tí ẹran ọ̀sìn ń rìn. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí a tẹ pọ́ǹpù títí omi yóò fi mọ́ gaara, kí a sì da omi àkọ́kọ́ náà sí ìdí ewébẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu ún.