Olúmọ Tí Ó Jẹ́ Omi: Ibi Àbẹ̀wò ní Port Harcourt àti Agbègbè Rẹ̀

Ìrìn-àjò afẹ́ ni kí ènìyàn kúrò ní ìlú rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, tí kì í ṣe nítorí òwò tàbí iṣẹ́ ọba, bí kò ṣe láti fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí kò sí nílé. Ohun tí ó ń fa irú àlejò bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá, bí òkè, igbó àti odò, ó sì lè jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí í ṣe ohun tí àwọn tí ó ti gbé ayé rí fi sílẹ̀, ìbáà ṣe ilé, ère tàbí ibojì. Nígbà mìíràn, ojú kan náà ni méjèèjì ń gbé. Àpáta ni Olúmọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, tí àpáta náà fi di ìtàn. Bí Olúmọ ti rí fún Abẹ́òkúta ni odò rí fún àwọn ará Ìpínlẹ̀ Rivers, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ rí ìtàn wọn ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi.

Kí Odò Ọya tó dé òkun, ó máa ń ya sí ẹ̀ka-ẹ̀ka bí ìka ọwọ́, ilẹ̀ àbàtà tí ó wà láàrin àwọn ẹ̀ka náà ni à ń pè ní Niger Delta. Apá ìlà oòrùn ilẹ̀ yìí ni Port Harcourt wà, ní etí odò Bonny, ní nǹkan bíi kìlómítà 66 sí ibi tí odò náà ti wọ òkun. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní èbúté, igi kan ni yóò gba ojú àlejò, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ sókè lórí ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ alántakùn, tí ó sì ń dàgbà nínú omi iyọ̀ tí ó lè pa igi mìíràn. Máńgírófù ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Nígbà tí omi òkun bá kún, gbòǹgbò wọ̀nyí a wọ inú omi, nígbà tí ó bá sì fà, akàn àti ìṣáwùrú a hàn lórí ẹrẹ̀, àwọn obìnrin a sì wá ṣà wọ́n. Ẹja púpọ̀ ni ó ń yé ẹyin sí abẹ́ gbòǹgbò náà, ìdí nìyí tí epo rọ̀bì tí ó bá dà sínú omi fi ń pa oúnjẹ àwọn apẹja run. Àlejò tí ó bá lajú dáadáa yóò rí ẹwà àti ọgbẹ́ pọ̀ lórí omi kan náà.

Ìlú Port Harcourt fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́ láyé. Ilẹ̀ àwọn Ikwerre ni, Igwe Ocha sì ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Nígbà tí wọ́n rí èédú inú ilẹ̀ ní Udi lẹ́bàá Enugu ní ọdún 1909, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá èbúté tí wọn yóò fi kó o lọ, Lugard sì fún ìlú tuntun náà ní orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tí ó ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń jọba lé lórí, ní ọdún 1913. Ọkọ̀ ojú irin gba ibẹ̀ dé Enugu ní ọdún 1916. Nínú ìlú lónìí, ọgbà ìgbafẹ́ kan wà tí ó ń jẹ́ orúkọ Isaac Boro, ọmọ Ijaw tí ó dìde sí ìjọba ní oṣù kejì ọdún 1966, tí ìdìtẹ̀ náà kò sì ju ọjọ́ méjìlá lọ. Ó yẹ kí àlejò tọ́ bọ̀ọ̀lì ìlú náà wò pẹ̀lú, nítorí pé ẹja sísun àti ata ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀pà bí ti ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹni tí igbó wù ní ibi méjì láti lọ. Finima wà ní erékùṣù Bonny, níbi tí iléeṣẹ́ afẹ́fẹ́ gáàsì ti ya nǹkan bíi hẹ́kítà 1,000 sọ́tọ̀ ní ọdún 1999, kí igi àti ẹranko lè ní ibùgbé. Èkejì ni igbó Orashi ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, tí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn Ramsar ní ọdún 2008. Àdéhùn yìí ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ọdún 1971 láti dáàbò bo ilẹ̀ àbàtà. Odídẹrẹ́ ń sùn sí igbó náà, ọ̀bọ kan tí a kò lè rí ní orílẹ̀-èdè mìíràn yàtọ̀ sí Nàìjíríà sì ń gbé ibẹ̀.

Bonny ni ìtàn ti nípọn jù lọ. Nígbà òwò ẹrú, díẹ̀ ni èbúté tí wọ́n fi kó ènìyàn tó ti Bonny ní gbogbo etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, epo pupa ni ó sì rọ́pò ẹrú. Ọba William Pepple bẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n fún òun ní oníwàásù, Samuel Ajayi Crowther ni ó sì dá a lóhùn, ọmọ Ọ̀ṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821 tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Ẹranko ọ̀wọ̀ ni awọ́nríwọ́n ní Bonny nígbà náà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pa á, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1867, ọba tí ó jẹ tẹ̀lé William kéde pé àṣà náà ti dópin. Ṣọ́ọ̀ṣì Stephen Mímọ́ ní ìlú náà jẹ́ èso iṣẹ́ Crowther àti Dandeson ọmọ rẹ̀.

Bíi ti Crowther, ẹrú àná ni Jaja, oníṣòwò Bonny kan, náà. Ọmọ ilẹ̀ Ìgbò ni, wọ́n tà á sí Bonny nígbà èwe rẹ̀, ó sì fi òwò epo di olórí ilé Anna Pepple. “Ilé” níbí yìí kì í ṣe ibùgbé lásán. Ẹgbẹ́ oníṣòwò ni, tí ó ní ọkọ̀ ogun tirẹ̀, tí ẹrú tí ó bá gbọ́n sì lè di olórí rẹ̀. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin ilé rẹ̀ àti ilé Manilla Pepple ní ọdún 1869, Jaja kó lọ sí ìhà ìlà oòrùn, ó tẹ Opobo dó, ilé mẹ́rìnlá nínú méjìdínlógún tí ó wà ní Bonny sì tẹ̀lé e. Ó ti ọ̀nà òwò mọ́ àwọn òyìnbó, ó ń fi epo rẹ̀ ránṣẹ́ tààrà sí Liverpool, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gba oníwàásù láàyè bí ó tilẹ̀ fẹ́ràn ilé-ìwé. Ní ọdún 1887, Harry Johnston, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tàn án wọ inú ọkọ̀ ogun láti bá a sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ìgbèkùn ní àwọn erékùṣù West Indies.

Nígbà tí wọ́n gbà kí ó padà sílé, kò dé ilé mọ́. Ó kú ní ọdún 1891 ní Tenerife, erékùṣù àwọn ará Sípéènì tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń wọ́ lọ lónìí nítorí òkè iná àti etí òkun rẹ̀; ọdún kan náà ni Crowther kú ní Èkó. Wọ́n gbé òkú Jaja wá sí Opobo, ère rẹ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọdún 1903 sì wà láàrin ìlú náà, níbi tí ó jẹ́ pé, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, omi nìkan ni ènìyàn lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.