Ẹ̀yáwó Mọ́tò: Lexus IS 250 Ni Tàbí IS 350?

Fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó mẹ́rin ló ti dé orí tábìlì mi láìpẹ́ yìí fún Lexus IS tòkunbọ̀, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn nítorí eré. Mẹ́ta nínú wọn mú IS 250, wọ́n ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, kò ní jẹ epo. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa, torí owó gbogbo wa ni.

Èyí tó pọ̀ lọ́jà ni ti ọdún 2006 sí 2013. Ẹ́ńjìnnì 250 jẹ́ lítà 2.5, agbára ẹṣin 204. Ti 350 jẹ́ lítà 3.5, agbára ẹṣin 306. Ṣùgbọ́n sílíńdà mẹ́fà-mẹ́fà ni àwọn méjèèjì ní! Nínú ìdánwò ìjọba Amẹ́ríkà, 250 ń mu bíi lítà 10 ní 100 kìlómítà, 350 ń mu bíi 11. Ẹni tó ń rin 1,000 kìlómítà lóṣù, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju lítà 10 sí 15 lọ. Láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ìyẹn kì í ṣe owó kékeré, àmọ́ kò tó bí a ti ń rò ó. Ẹni tó fẹ́ fi epo pamọ́ ní tòótọ́, kó lọ wá ọkọ̀ sílíńdà mẹ́rin.

Ibi tí ẹjọ́ wà nìyí. Inú sílíńdà tààrà ni 250 ń tú epo sí, epo kì í fọ ẹ̀yìn fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Èéfín ọ́ìlì á wá máa lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ bíi dúdú ìdí ìkòkò, pàápàá nínú àwọn ti ọdún ìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ á máa gbọ̀n bó bá dúró. Ojú ibi ìtúpo méjì ni sílíńdà kọ̀ọ̀kan 350 ní. Ọ̀kan ń fọ fáàfù náà.

Mo dúró fún ẹnì kan nígbà kan rí. Kí ó tó dé Ọbájánà, 250 rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Mẹ́káníìkì pààrọ̀ pọ́ọ̀gì, ó pààrọ̀ kọ́ìlì, kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì, èédú ló kún ibẹ̀. Onítọ̀hún kò rí owó san mọ́. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi yọ ọ́ nínú owó ìfipamọ́ tèmi. Ìyàwó mi ṣì ń rán mi létí.

Nítorí náà, ẹ lọ wo ọkọ̀ ní òwúrọ̀, kí ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, ẹni tó ń tà á ti fi nǹkan pamọ́ fún yín. Ẹ tan án, ẹ jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí. Ẹ wo nọ́ńbà oníhóró 17 tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù: nínú ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ti ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá ló ń sọ ọdún. 6 ni 2006, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Ẹ fi wé ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó gàrí àti iṣu, búùtù IS kò gba nǹkan kan. ES 350 fẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n nínú àwọn tó ti pẹ́, ẹ wo okùn rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì lára ẹ́ńjìnnì: bó bá bẹ́, ọ́ìlì á dà tán. Onírin ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Láti oṣù tó ń bọ̀, fọ́ọ̀mù tí kò bá ní nọ́ńbà 17 yẹn àti ìwé mẹ́káníìkì, èmi kò ní gbé e síwájú ìgbìmọ̀. Àwọn onídùúró méjèèjì gbọ́dọ̀ ti fi ojú ara wọn rí ọkọ̀ náà.