Ọ̀TÁ TÓ WÀ NÍNÚ: BÍ A ṢE LÈ DẸ́KUN BÍBA IṢẸ́ ARA WA JẸ́



Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìdánwò lọ́jọ́ Àtìní. Ìwé ń bẹ, àkókò ń bẹ, ṣùgbọ́n kò ṣí ìwé títí di alẹ́ ọjọ́ Àláádì. Ọmọ kéwú kan, ó ku hizb 2 péré kí ó parí Al-Kùránì, ó dẹ́kun wíwá. Kíá ni a ó ti sọ pé ayé ló ń ṣe wọ́n. Lóòótọ́ aburú ń bẹ, a sì ń wá ìṣọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ẹ̀rù ló ń ba akẹ́kọ̀ọ́ yẹn: bí òun bá kàwé tí òun sì kùnà, wọn yóò ní òun kò lọ́pọlọ, bí òun kò bá kà á, òun yóò rí àwáwí wí.

Sūratu Yūsuf āyah 53 sọ nípa ẹ̀mí tí ń pàṣẹ aburú; Sūratul-Qiyāmah āyah 2 dárúkọ ẹ̀mí tí ń bá ara rẹ̀ wí. Iṣẹ́ wa ni láti kúrò ní ti àkọ́kọ́ bọ́ sí ìkejì.

Ọ̀nà ìwòsàn kan wà tí àwọn òyìnbó ń pè ní hypnotherapy. Dókítà James Braid, ọmọ Scotland tó ṣiṣẹ́ ní Manchester, kọ ìwé lórí ìmọ̀ tí wọ́n gbé e kà ní ọdún 1843. Kì í ṣe oògùn, kì í sì ṣe oorun gidi. Oníṣègùn yóò jẹ́ kí ara ẹni náà rọ̀, kí ọkàn rẹ̀ dúró sójú kan, yóò wá máa bá a sọ ọ̀rọ̀ tó lè gbé e ró. Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́ lórí ìrora àti àyà jíjá, ṣùgbọ́n kì í ṣiṣẹ́ bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kí ó lọ bá oníṣègùn tó kọ́ṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá pe àlùjọ̀nnú mọ́ ọn, ẹ sá fún un.

Tipẹ́tipẹ́ ṣáájú Braid ni onímọ̀ Mùsùlùmí kan, Abū Zayd al-Balkhī, tó kú ní ọdún 322 Hijrah (934 Mílàdí), ti kọ̀wé lórí ìlera ara àti ti ẹ̀mí. Ó gbani nímọ̀ràn pé bí a ti ń tọ́jú oògùn pamọ́ kí àìsàn tó dé, bẹ́ẹ̀ ni kí a kó èrò rere jọ nígbà tí ọkàn balẹ̀, kí a lè rí i lò nígbà tí ẹ̀rù bá dé.

Ẹ jẹ́ kí a lò ó báyìí:

1. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, jókòó jẹ́ẹ́. Kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí o ó fi dá ẹ̀rù lóhùn, bíi: “Iṣẹ́ ni tèmi, àbájáde rẹ̀ di ọwọ́ Ọlọ́hun.”

2. Bá ẹ̀mí rẹ ṣe àdéhùn kékeré: ojú ewé 5 péré lónìí.

3. Lálẹ́, ṣírò iṣẹ́ rẹ. Èyí ni muḥāsabah tí Imām al-Ghazālī (tó kú ní 505 Hijrah) ṣàlàyé nínú Iḥyāʾ. Bí o bá kùnà, bá ara rẹ wí, ṣùgbọ́n má sọ̀rètí nù.

Bí ìbànújẹ́ kò bá jẹ́ kí o sùn tàbí kí o jẹun, lọ rí dókítà. Kì í ṣe àmì àìnígbàgbọ́.

Ìbéèrè fún ìpàdé wa: Iṣẹ́ wo ni o ń sún síwájú? Kí ni o ń bẹ̀rù nínú rẹ̀?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní agbára lórí ẹ̀mí wa. Āmīn.