Àpótí Ìmọ̀: Nígbà tí Ọ̀rá Bá Kún Inú Ẹ̀dọ̀

Kò sí ẹ̀dọ̀ tí kò ní ọ̀rá díẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rá náà bá ti ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ lọ, ó ti di àìsàn. Inú mitochondria ni sẹ́ẹ̀lì ti ń jó ọ̀rá di agbára. Bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, ọ́síjìn oníjàgídíjàgan á máa ta pàrà jáde níbẹ̀ bí iná alágbẹ̀dẹ. Glutathione, kẹ́míkà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì, ló yẹ kó pa ọ́síjìn náà, àmọ́ òun náà máa ń tán. Ọ́síjìn yìí á ba ọ̀rá jẹ́, ọ̀rá tó bàjẹ́ á sì mú kẹ́míkà kan jáde, 4-hydroxynonenal. Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyí: kẹ́míkà náà á lẹ̀ mọ́ purotéènì, pàápàá níbi tí àwọn ámínò ásíìdì bíi cysteine, histidine tàbí lysine bá wà lára rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù tó bá lẹ̀ mọ́ lè dẹ́kun iṣẹ́. Keratin 8 àti 18, tó ń gbé sẹ́ẹ̀lì ró, lè dì pọ̀ gbágbáágbá. Onímọ̀ nípa àìsàn kan, Frank Mallory, ti ṣàpèjúwe irú ìdìpọ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1911, lára ẹ̀dọ̀ àwọn ọ̀mùtí. Ẹni tí kò fẹnu kan ọtí rí náà lè ní ìdìpọ̀ yìí, ẹ má tan ara yín jẹ.