Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Bí Òbí Bá Ń Ṣarán

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ń ṣarán, ọmú náà a máa nira fún ọmọ.

Àìsàn ọpọlọ ni, kì í ṣe àjẹ́. Ní 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ láàrin àwọn àgbà Ìdíkàn.

Ẹ jẹ́ ká mú nǹkan mẹ́ta lò:

1. Bí Màmá bá ní ẹ jí owó òun, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ bá a wá a. Bó bá ń ka ara rẹ̀ sí àjẹ́, ẹ má pè é ní ìjẹ́wọ́. Àìsàn ló ń sọ̀rọ̀.

2. Ẹ kì í ní oríkì rẹ̀, ẹ kọ orin tó mọ̀ láti kékeré. Ohun àtijọ́ a máa pẹ́ lọ́kàn ju ti àná lọ.

3. Ẹ má di ẹrù náà lé ìyàwó ilé nìkan lórí. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ọjọ́ tirẹ̀. Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ láti Èkó dára, àmọ́ kò lè jí lóru.

Ẹni tó ń tọ́jú tó sunkún kì í ṣe aláìmoore. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká máa yà kí i, ká sì bá a gbàdúrà.